Èéfín Inú Bíríkì

Ní Raahe, létí òkun tó ń di yìnyín bí ọdún bá ń lọ sópin,
òkè kan wà tí ẹnikẹ́ni ò gbingi sí:
ìdàrọ́ irin, ọ̀pọ̀ ọdún ìdàrọ́,
tí bàbá Tuulikki fi ọkọ̀ akólẹ̀ dà jọ
títí ikọ́ fi fi í jókòó sílé.

Tuulikki lọ ìdàrọ́ náà, ó kúnná bí àtíkè.
Ó fún un lómi díẹ̀. Díẹ̀ náà ni mo wí.
Bí omi bá pọ̀ jù, èéfín ò rọ́nà wọlé;
bí omi bá gbẹ tán, èéfín á wọlé,
kò ní ríbi yòrò sí.
Ó tì í mọ́ inú àgbá irin,
ó tú èéfín ilé-iṣẹ́ sí i,
èéfín kan náà tí bàbá rẹ̀ fà símú fún ọgbọ̀n ọdún.

Lọ́jọ́ kejì, bíríkì.
Ó gé e pélébé, ó ha á títí ó fi dán bí dígí,
ó tì í sábẹ́ awò tó ń sọ eruku dòkè.
Háà.
Nínú ihò tí ẹnu abẹ́rẹ́ ò lè wọ̀,
ẹfun ti hù, onígun mímú,
wọ́n fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́ bí eyín inú ẹnu.
Hóró ìdàrọ́ kọ̀ọ̀kan wọ ẹ̀wù,
awọ fẹ́lẹ́ kan tí kò légungun, bí oje tó gbẹ,
èyí tó ṣẹ́kù nígbà tí ẹfun jáde lára rẹ̀.
Nínú lọ́hùn-ún, hóró ṣì jẹ́ hóró. Kò tíì gbọ́.

Àwọn àgbà ní èéfín ò ṣeé fi pamọ́.
Ẹ wá wo ibi tó sá pamọ́ sí.

Ṣùgbọ́n nígbà tó la odidi bíríkì sí méjì,
tó fín omi ìdánwò sí ojú rẹ̀,
etí ò yí padà;
àárín pọ́n bí èrìgì ọmọ ọwọ́.
Èéfín ò débẹ̀.
Ẹfun tó kọ́kọ́ dé ti dí ẹnu ọ̀nà
mọ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn.
Veijo, tó ń fi ẹ̀rọ fọ́ bíríkì, ní ó ti le tó:
"Ta ni yóò wo àárín?"

Ó gbé ìlàjì relé nínú àpò ẹ̀wù òtútù.
Bàbá fọwọ́ wọ̀n ọ́n. Ó gbóòórùn rẹ̀.
"Èéfín mi dà?"
Ọmọ nàka sí etí.
Bàbá fi àtàǹpàkò lé àárín tó pọ́n.
"Ibí ńkọ́?"
"Lọ́la, màá dín omi rẹ̀ kù."
Bàbá ò fèsì. Ó gbé e súnmọ́ ẹnu,
ó ń mí sí i,
ó ń mí sí i.