Ojú Tó Ń Ṣa Kajú

Bí ẹ bá bi mí ní fíìmù tí mo fẹ́ràn jù,
n kò lè dárúkọ rẹ̀:
ìwé ara kásẹ́ẹ̀tì náà ti ṣí kí n tó mọ̀wé kà.

Obìnrin kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà,
ó ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì.
Ọkọ rẹ̀ dé láti ìrìn ọdún mẹ́sàn-án.
Kò gbójú sókè.
Kamẹ́rà ò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀
títí ìrẹsì fi tán lórí àtẹ.
Àwọn ọmọ àdúgbò ń pariwo, "Ẹ yí i síwájú!"
Bàbá mi ní rárá. "Ẹ wo ọwọ́."

Bàbá mi, Àlàó Òjẹ́dìran,
ló ń yá ará Tákìé ní kásẹ́ẹ̀tì nínú ìsọ̀ onípákó,
ogún náírà mọ́jú;
bí o kò bá yí i sẹ́yìn kí o tó dá a padà, o ó san náírà márùn-ún lé e.
Òwú àti sìpíríìtì ló fi ń nu inú ẹ̀rọ fídíò
bí ẹni ń nu egbò ọmọ.
Nígbà tí fíìmù kó wọ inú fóònù,
kò sẹ́ni tó wá sọ fún un.
Oníbàárà kàn ń fà sẹ́yìn, bí omi kànga nínú ẹ̀ẹ̀rùn.
Ó tú pákó ìsọ̀, ó fi kọ́ ilé adìyẹ.

Èmi wọ iléeṣẹ́ kajú lọ́nà Ìlọrin.
Ibi tí wọ́n ti ń pa á ni mo ti bẹ̀rẹ̀.
Oje èèpo rẹ̀ bó mi níka,
débi pé nígbà tí mo lọ gba káàdì ìdánimọ̀,
ẹ̀rọ wọn ò rí ìlà kankan lọ́wọ́ mi.
Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé mi sídìí tábìlì ìṣà:
odidi funfun sọ́tùn-ún, ààbọ̀ sósì,
èyí tó jóná sínú korobá.

Rédíò kéde owó oṣù tuntun,
èyí tó kéré jù tí wọ́n lè san fọ́mọ èèyàn.
Mọ́rádékẹ́ jó yí tábìlì ká:
òun á san gbèsè èlùbọ́, òun á ra bàtà fún Sùúrù.
Ọ̀gá ní, "Ìjọba ló kéde, èmi kọ́."
Nígbà tó doṣù kẹta, ó ní òun gbà.
Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọkọ̀ akẹ́rù já àpótí irin kan sílẹ̀.

Kajú ń gun bẹ́líìtì lọ, ojú kan ń wò ó,
afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ, fùú!
èyí tí kò dáa já bọ́.
Kò bèèrè owó ọkọ̀. Ìyá rẹ̀ kì í ṣàìsàn.
Àwa méjìdínlógójì la wà nídìí tábìlì;
wọ́n ní àwọn fẹ́ mẹ́rin, tí yóò máa gbálẹ̀.

Mo bi ẹni tó wá tò ó pé kí ni ojú yẹn.
Ó ní, "Kamẹ́rà ni. Kamẹ́rà lásán."
Mo dúró níwájú rẹ̀. Àṣé ìwọ ni.
Ìwọ tó o wo ọwọ́ obìnrin yẹn títí ìrẹsì fi tán.

Mo délé, mo rò ó fún bàbá mi.
Kò kẹ́dùn. Ó ní, "Ṣé ó máa ń ṣàṣìṣe?"
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, bí òjìji bá bọ́ lé odidi, yóò jù ú nù.
Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.

Ìparí fíìmù yẹn, wọ́n kọ ọ́ pé:
Ẹ máa retí apá kejì.
Apá kejì ò jáde. Bàbá mi ní owó ló tán lọ́wọ́ wọn.
A ò mọ̀ bóyá obìnrin yẹn gbójú sókè.

Lálẹ́ àná, mo ń ṣa ẹ̀wà lágbàlá wa l'Ápákẹ́.
Iná ti lọ.
Bàbá mi di tọ́ọ̀ṣì mú,
kò gbé e kúrò lọ́wọ́ mi.
Ẹnì kan ń kan géètì, ó jọ ohùn Mọ́rádékẹ́.
Ẹ̀wà ò tíì tán lórí àtẹ.