Ta Ni Yóò Gbẹ̀bí Ìwé Mi?

Ọdún mọ́kàndínlógójì ni mo fi gbẹ̀bí ní Ìtòkò.
Mo gba àkọ́bí, mo gba ìbejì,
mo gba ọmọ tó fẹsẹ̀ jáde bí ẹni tó ń bínú sáyé.
N kò bi aláboyún kankan rí pé, "Èló lo mú dání?"
kí n tó fọwọ́ kan ikùn rẹ̀.

Ìwé yìí ni oyún àgbà mi.
Ẹ̀yìn fọ́ọ̀mù ilé ìwòsàn ni mo kọ ọ́ sí,
lóru, nígbà tí àwọn ìyá ọlọ́mọ bá sùn.
Mọ́ráyọ̀, ọmọọmọ mi, ló tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà ní Pánṣẹ́kẹ̀.
Igba ojú ìwé ó lé méjìlá.
Ó ní, "Ó kù ká wá ẹni tí yóò tẹ̀ ẹ́ jáde."
Mo rò pé ohun tó rọrùn ló kù.

Ọ̀gbẹ́ni Dòsùmú ní ọ́fíìsì l'Ókè-Ìlẹ̀wọ́.
Ẹ̀rọ amúlétutù ń mí sí mi lọ́rùn.
Ó gbé ìwé mi lọ́wọ́ wò bí ẹni ń wọn ẹ̀wà,
kò ṣí i.
"Ìyá, iṣẹ́ ribiribi!"
Ó fa bébà yọ: ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin náírà,
ẹ̀dà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, èmi ni n óò rù wọ́n relé,
èmi náà ni n óò tà wọ́n.
Mo ní, "Kí lorúkọ ọmọ tí mo fi bẹ̀rẹ̀?"
Ó wo fóònù rẹ̀.
Ìyìn ẹni tí kò kàwé,
ẹkún ẹni tí kò mọ òkú ni.

Obìnrin kan ní Ìbarà kà á. Ká sòótọ́, ó kà á tán.
Ó fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó ti mú sísọ́ọ̀sì.
Ó yọ ohùn Ẹ̀gbá lẹ́nu àwọn aláboyún mi,
gbogbo wọn wá ń rọbí bí ẹni ń ka ìròyìn lórí rédíò.
Ó ní kí Ṣéwàá má kú mọ́,
pé òǹkàwé kì í ra ìbànújẹ́.
Kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi, yóò tún san díẹ̀.
Ọjọ́ mẹ́ta ni ìwé àdéhùn rẹ̀ fi wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi.
N kò ní purọ́, mo ti ṣí bíírò.
Ṣùgbọ́n ọwọ́ yìí ló pa ojú Ṣéwàá dé.
Ṣé ọwọ́ yìí náà ni yóò fi bíírò là á?

Lípẹ̀dé ń bẹ ní Ṣàpọ́n, lábẹ́ àtẹ̀gùn,
níbi tó ti ń tẹ káàdì ìsìnkú àti ìwé ìdáwó ṣọ́ọ̀ṣì.
Mọ́ráyọ̀ kò fẹ́ wọlé.
Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló gbé e pamọ́.
Nígbà tí mo padà, epo àkàrà ti kán sí i,
gègé pupa sì ti rìn ín já.
Ní ojú ìwé kọkànlélógójì ó kọ ọ́ pé:
"Ibí yìí, ẹ ń sá.
Kí lẹ sọ fún bàbá ọmọ náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn?"
Ẹnu mi gbẹ.
Ó fún mi ní nọ́ńbà àwọn mẹ́rin tó ti tẹ̀wé fún.
"Ẹ pe ẹ̀kẹta dáadáa. Àwa méjèèjì ń jà."
Ó ní kí n wá ẹni bá mi ka àdéhùn kí n tó fọwọ́ sí i.
Ó wá fọwọ́ lé ìwé náà bí ẹni fọwọ́ lé ikùn:
"Kò tíì tó oṣù. Ẹ padà wá lẹ́yìn òjò."

Inú bí mi. Mo fẹsẹ̀ rìn títí dé afárá Láfẹ́nwá.
Odò Ògùn pọ́n bí tíì tí wọ́n da mílíìkì sí.
Ibẹ̀ ni mo ti rántí àwọn alákọ̀ọ́bí mi,
àwọn tí mo ń dá padà sílé ní ààjìn:
"Má tì í. Kò tíì tó."
Bí wọ́n ṣe ń ṣépè fún mi lọ lójú ọ̀nà.

Òjò ti dé báyìí, ó ń lu páànù.
Ojú ìwé kọkànlélógójì wà níwájú mi.
Ọlátẹ́jú lorúkọ bàbá ọmọ náà.
Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fúláàsìkì omi gbígbóná,
mo sì gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde.