Aṣọ́kòtò

Iṣẹ́ tèmi kò ju kí n dúró lọ.
Kí katapílà máa wa ilẹ̀, kí n máa wò ó,
kí n gbé ọwọ́ sókè bí ilẹ̀ bá yí àwọ̀ padà.
Ìdí nìyẹn tí àwọn òṣìṣẹ́ fi sọ mí ní Aṣọ́kòtò,
ṣòkòtò tí mo sì ń wọ̀ ló jẹ́ kí ẹ̀fẹ̀ náà dùn:
"Aṣọ́kòtò oníṣòkòtò, ṣé ẹ ti rí góòlù?"

N kò rí góòlù.
Ìsàlẹ̀-Àfọ̀n ni a wà, ní Ògbómọ̀ṣọ́,
páìpù omi ni wọ́n fẹ́ rì láti ojú títì dé ẹ̀yìn mọ́sáláṣí,
ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sísàlẹ̀, ọjọ́ mọ́kànlá péré.
Ọ̀gá Adégbìtẹ́ ka ọjọ́ náà sí mi létí
bí ẹni ń ka owó gbèsè.

Ilẹ̀ ìlú àtijọ́ a máa wọ aṣọ lé aṣọ.
Ọ̀dà títì ló wọ̀ sókè,
yangí ló ró mọ́ ìdí,
lábẹ́ yangí, eérú,
eérú tó nípọn tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ mi.
Lábẹ́ eérú, ilẹ̀ ilé tí ẹnìkan fi ìgbẹ́ màlúù rẹ́,
ipa ìka mẹ́rin ṣì wà lára rẹ̀,
ó jọ pé ọlọ́wọ́ òsì ni.
Mo gbé ìka tèmi lé e.
Tiẹ̀ tóbi ju tèmi lọ.

Wọ́n ní ilẹ̀ kì í gbàgbé.
Èmi tí mo ń bá a gbé mọ̀ pé ó ń gbàgbé:
ó ń gbàgbé igi, ó ń gbàgbé aṣọ, ó ń gbàgbé orúkọ.
Amọ̀ tó ti la iná kọjá nìkan ni eyín rẹ̀ kì í ká.

Ní ọjọ́ keje, aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀,
irin katapílà kan nǹkan, ó dún, kẹ̀ẹ́.
Mo gbé ọwọ́ sókè. Mùdáṣírù pa ẹ́ńjìnnì.
Ìkòkò kékeré ni, wọ́n fi àwo dé e lẹ́nu,
ó fara ti ògiri tí kò sí mọ́,
erùpẹ̀ dúdú ló kún inú rẹ̀.
Mo na téèpù, mo ya fọ́tò, mo fa ọ̀rá jáde.
"Àpáàdì lásán!" ni ọ̀gá wí.
"Ṣé ẹ mọ iye tí à ń san lórí katapílà yìí lóòjọ́?"

Ìgbà náà ni Ìyá Àwẹ̀ró tilẹ̀kùn jáde,
ó tẹ ọ̀pá bọ̀, ó dúró létí kòtò gan-an.
"Ẹ má gbé e. Ibi nìyẹn."
Mùdáṣírù fò sẹ́yìn.
Ìyá rẹ́rìn-ín. "Ibi ọmọ ni mo wí, ìwọ ọmọ yìí.
Ilé ìyá bàbá mi ló wà níbí kí títì tó gbà á.
Bí kì í bá ṣe ti ẹ̀gbọ́n mi tó kú ní kékeré,
a jẹ́ pé tèmi ni.
Ibi tí ibi èèyàn bá wà, ibẹ̀ nilé rẹ̀."

Kò sẹ́ni tó fọhùn.
Mùdáṣírù padà sórí ìjókòó, ó tan ẹ́ńjìnnì,
ó darí kòtò sí ọ̀tún, ìwọ̀n apá kan,
kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.
Ọ̀gá la ẹnu, ó tún pa á dé.
Mo fi ọwọ́ da erùpẹ̀ bo ìkòkò náà.
Mo wá bi Ìyá léèrè pé iná wo ló bí eérú yìí.
Ó wo ojú ọ̀run,
ó ní òjò ń bọ̀.

Lálẹ́, mo kọ ọ̀rọ̀ kún fọ́ọ̀mù.
Ohun tí a rí: ìkòkò kan, kò fọ́.
Ibi tí a gbé e lọ: kò lọ ibì kankan.
Eérú: mo fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo.
Wọn kò ṣe àyè fún ẹni tó ni nǹkan,
etí ìwé ni mo kọ orúkọ Ìyá sí.

Omi kò tíì sàn nínú páìpù náà.
Bó bá sàn lọ́jọ́ kan,
yóò dé ẹ̀gbẹ́ ilé Ìyá Àwẹ̀ró, yóò yà díẹ̀,
bí ọmọ tó bá àgbà pàdé lójú ọ̀nà.