Ẹsẹ̀ Mi Ò Sí Nínú Ẹgbẹ́

Ní Kútọ̀ láàárọ̀ yìí, gáréèjì dákẹ́
bí ilé tí wọ́n ti kó ẹrù jáde.
Kò sí ẹni tó ń ké "Láfẹ́nwá, ọ̀kan ló kù!"
irọ́ tí gbogbo wa mọ̀, tí a sì ń jókòó lé lójoojúmọ́.
Àwọn Máíkírà kọjú sí ògiri
bí ọmọ tí olùkọ́ ní kó kúnlẹ̀.
Wọ́n ní owó tíkẹ́ẹ̀tì ti gòkè,
kò mọ ọ̀nà àtisọ̀ mọ́.

Èmi ní tèmi, kúlà búlúù ló wà lọ́rùn mi,
okùn rẹ̀ ń gé mi léjìká,
yìnyín mẹ́rin nínú rẹ̀, oògùn àjẹsára láàárín wọn.
Ọjọ́rú ni. Ní Láfẹ́nwá
àwọn ìyá ọmọ ti wà lórí bẹ́ǹṣì láti aago mẹ́jọ.
Yìnyín ò gbọ́ èdè ìyanṣẹ́lódì.

Mo pe ọ̀gá wa. Ó ní, "Ẹ wá nǹkan ṣe sí i."
Nǹkan tí mo rí ṣe náà ni pé mo so okùn bàtà mi.

Mo gba Ìṣábọ̀.
Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń wọkọ̀ la ìlú yìí já,
n kò mọ̀ pé òkè inú rẹ̀ pọ̀ tó báyìí.
Ọkọ̀ ló ń purọ́ fún mi,
tó ń tẹ́ ilẹ̀ pẹrẹsẹ sábẹ́ ìdí mi.
Ẹsẹ̀ kì í purọ́. Orúnkún mi ń ka gbogbo òkúta.

Ọkùnrin oníkóòtù kan ń nawọ́ sí ọkọ̀ aládàáni;
gbogbo wọn ń wo iwájú bí ẹni tí ọrùn ń dùn.
Ọmọkùnrin kan fi kẹ̀kẹ́ ológeere gbé ìyá rẹ̀,
ìyá ń bú u, ó sì dì í mú gírígírí.

Ní Ṣápọ́n, àwọn awakọ̀ ń ta ayò lábẹ́ ìbòòji.
Tìámíyù rí mi. "Nọ́ọ̀sì! Ẹsẹ̀ lẹ fẹ́ fi dé Láfẹ́nwá?"
"Àbí ìwọ fẹ́ gbé mi?"
Ó wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.
Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wo ọmọ ayò.
Ó pẹ́ díẹ̀.
"Mi ò lè fọwọ́ kan ọkọ̀ lónìí," ló wí,
"a ti sọ̀rọ̀, ó ti tán.
Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ò sí nínú ẹgbẹ́."
Ó gba kúlà, ó gbé e lérí.

Kò mọ̀ ọ́n rìn! Ó ń fẹnu fọn fèrè fún ewúrẹ́,
níbi gẹ̀rẹ́ Ẹnu-Gádà, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ń wá bíréèkì.
Ó ní kí oòrùn tó yọ,
ẹni márùn-ún ti gbowó lọ́wọ́ òun,
igi lọ́wọ́ wọn, ẹ̀rín lẹ́nu wọn.
Ó ní inú kúlà yìí lòun ti rí abẹ́rẹ́ ọmọ òun lọ́dún tó kọjá,
apá rẹ̀ wú, ó sunkún, ó sùn.
Lábẹ́ afárá, Odò Ògùn ń kọjá lọ,
ẹnikẹ́ni ò já tíkẹ́ẹ̀tì fún un.

Nígbà tí a ṣí kúlà, yìnyín méjì ti di omi.
Mo wo ìdíwọ̀n: méje.
Mẹ́jọ ni ààlà.
Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo rẹ́rìn-ín bí aṣiwèrè.
Ìyá kan ti gbé ọmọ rẹ̀ lé Tìámíyù lọ́wọ́
kó tó bèèrè ẹni tó jẹ́.

Lọ́sàn-án, mo fọwọ́ kan àpò, mo ní èló lowó ọkọ̀.
Ó dúró lẹ́nu géètì, ó gbọn eruku bàtà rẹ̀,
ó gbóhùn sókè sí títì tó ṣófo:
"Kútọ̀! Kútọ̀! Ọ̀kan ló kù!"
Lọ́jọ́ náà nìkan, kò purọ́.