Etí Tó Wà Nínú Omi

Ní erékùṣù òkúta dúdú yìí,
níbi tí òkè iná ti sùn, tí kò kú,
ṣọ́ọ̀ṣì Porto da Cinza kọjú sí òkun,
ó kẹ̀yìn sí gbogbo ilé.
Wọ́n ní àwọn ọdẹ àbùùbùtán ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀,
kí ẹni tó ń ti ojú omi bọ̀
lè rí iná àbẹ́là kó tó rí ìyàwó rẹ̀.

Ògiri ọwọ́ òsì ni mo fẹ́ sọ.
Táìlì ni, mẹ́rìndínlógún lé ní igba,
ó funfun bí iyọ̀, aró orí rẹ̀ dú bí òru.
Àńtóníò Mímọ́ dúró létí omi, ó ń wàásù fún ẹja.
Ẹja gbórí sókè, wọ́n lanu,
bíi pé gbogbo wọn fẹ́ ṣe "Àmín" lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọdún tí ilẹ̀ mì, wọn ò tíì bí mi.
Ògiri ya lulẹ̀ kí Fada Anselmo tó parí Mísà àárọ̀.
Apẹ̀rẹ̀ èso àjàrà ni wọ́n fi kó táìlì jọ,
wọ́n ní kí Baltasar bíríkìlà tò ó padà.
Baltasar ló bí ìyá mi.
Nọ́ńbà wà lẹ́yìn táìlì kọ̀ọ̀kan,
ṣùgbọ́n bàbá mi àgbà ò mọ mẹ́fà yàtọ̀ sí mẹ́sàn-án;
àwọ̀ ló ń wò, aró sọ́dọ̀ aró, funfun sọ́dọ̀ funfun.

Ìgbà tí símẹ́ǹtì gbẹ tán la tó rí i:
ẹja kan ti gun ẹ̀gbẹ́ orí Ẹni Mímọ́,
ẹnu rẹ̀ wà níbi tó yẹ kí etí wà.
Etí ọ̀hún ńkọ́?
Ó wà nísàlẹ̀, láàárín ẹja, nínú omi.

Àwọn ọmọdé rẹ́rìn-ín títí Fada fi lé wọn síta.
Bàbá mi àgbà ò jókòó sọ́wọ́ òsì mọ́ títí tó fi kú.
Àwọn opó ò rẹ́rìn-ín ní tiwọn.
Zulmira, tí ọkọ rẹ̀ wọ ọkọ̀ lọ ní Sátidé kan,
tí a ò rí ọkọ, tí a ò rí pátákó ọkọ̀,
òun ló kọ́kọ́ kúnlẹ̀ síbẹ̀,
tó fi ìka kan etí yẹn,
tó ń sọ̀rọ̀ sí i wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ẹni ń rán ọmọ níṣẹ́:
"Sọ fún un pé mo ti ta àgbò náà.
Sọ fún un pé òrùlé ò jò mọ́."
Aró orí etí náà ti ṣí báyìí. Ìka ló jẹ ẹ́.

Lóṣù tó kọjá, Iria dé láti Lísíbọ́nù,
ìbọ̀wọ́ funfun lọ́wọ́, lẹ́tà bíṣọ́ọ̀bù nínú báàgì.
Ó ní àṣìṣe ni. Kò purọ́.
Ó fi ọ̀bẹ tín-ínrín yọ etí kúrò nínú òkun
bí ẹni ń yọ eegun lẹ́nu ọmọ,
ó gbé e lé mi lọ́wọ́.
Ó wúwo bí búrẹ́dì àná.
Mo yí i padà. Nọ́ńbà nìyí.
Lára símẹ́ǹtì àtijọ́, àtàǹpàkò kan rì wọlé,
ó fẹ̀, ó wọ́ díẹ̀,
bíi ti ìyá mi, bíi tèmi gan-an.

Zulmira wà lórí bẹ́ńṣì, ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún.
Kò bínú. Ó kàn bi Iria
bí ẹni ń béèrè iye tí wọ́n ń ta ẹja:
"Bí etí bá kúrò nínú omi,
ta ni yóò máa gbọ́ wọn?"

Iria bọ́ ìbọ̀wọ́ ọwọ́ kan.
Símẹ́ǹtì tó pò ti ń le nínú garawa.
Ìgbì ń lu òkúta níta,
àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ń gbọ́ ọ.
Mo ṣì di etí mú.