K Tí Kì Í Fọhùn

Ní Grimsby, níbi tí atẹ́gùn ti ń rùn bí ìfun ẹja,
mo ń tọ́jú bàbá kan, Ọ̀gbẹ́ni Borrill,
apẹja ni nígbà tí apá rẹ̀ méjèèjì ṣì ń gbọ́ràn.
Àrùn rọpárọsẹ̀ wọlé lóru ọjọ́ kan nínú oṣù Ẹrẹ́nà,
ó mú apá ọ̀tún, ó mú ìdajì ẹnu,
ó sì tú ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ká
bí ẹja tó já bọ́ láti inú àwọ̀n tó ya.

Obìnrin tó ń kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ sísọ máa ń wá ní Ọjọ́bọ̀.
Ó fi káàdì sílẹ̀ fún wa, rọ́bà ló fi dì wọ́n,
ìdì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú lẹ́tà méjì tó ń ṣílẹ̀kùn fún un.
Èmi tí mo kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lábẹ́ pàṣán Tíṣà Olúkòtún ní Ìfọ́n,
mi ò fura rí pé ọmọ ìyá ni wọ́n.

Ẹ wo S àti N.
Snore: ó ń hanrun. Sneeze: ó sín.
Sniff: ó ń fa imú bí ẹni tó gbóòórùn ọbẹ̀ aládùúgbò.
Snot, ikun. Snout, imú ẹlẹ́dẹ̀.
Gbogbo agboolé yìí, imú ni baálé wọn!
Mo rẹ́rìn-ín, bàbá fi ìdajì ẹnu tó kù rẹ́rìn-ín,
ó sì sín. Ó sín lóòótọ́.
Mo ní, "Snow wá ńkọ́? Kí ló kan yìnyín kan imú?"
Ó tọ́ka sí fèrèsé,
ó tọ́ka sí imú ara rẹ̀ tó pọ́n bí ata.
Mo gbà.

G àti L, ilé ìmọ́lẹ̀ ni.
Glow, ẹyin iná lábẹ́ eérú.
Glitter, ìpẹ́ ẹja nígbà tí oòrùn bá bà lé e.
Gleam, glint, glimmer, mo wá ìyàtọ̀ wọn títí.
Mo yọ yòò, mo yọ yanran, mo yọ bàìbàì
nínú àpò Yorùbá mi, mo pín in fún wọn.
Ṣùgbọ́n káàdì kan wà nísàlẹ̀: gloom.
Kí ni òkùnkùn ń wá nílé ìmọ́lẹ̀?
Bàbá gbà á lọ́wọ́ mi, ó wò ó pẹ́,
ó sì fi í pamọ́ sẹ́yìn fọ́tò Maureen, ìyàwó rẹ̀.
A ò ka ìdì yẹn mọ́.

K àti N ló dá wàhálà sílẹ̀.
Ọ̀bẹ, knife. Orúnkún, knee. Kókó, knot. Mọ̀, know.
K jókòó lẹ́nu ọ̀nà bí àna tó ń bínú,
kò kí ẹnikẹ́ni.
Ẹgba mẹ́ta ni mo jẹ nígbà kan torí pé mo pè é.
"Bí a kò bá ní pè é, kí la kọ ọ́ sí?"
Bàbá kò lè dáhùn.
Ó na ọwọ́ òsì, ó fa okùn bàtà mi tó wà nílẹ̀,
ó fi ìka àti eyín ta kókó kan
tí mi ò rí irú rẹ̀ rí.
Mo fà á, kò tú. Mo fi èékánná wá ẹnu rẹ̀, kò ní.
Ọwọ́ yẹn mọ̀, kò sì sọ nǹkan kan.

Ó ku káàdì kan. Aago mẹ́sàn-án ti fẹ́ lù,
mo kúnlẹ̀ láti wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un.
Lédè tiwa, K kì í dákẹ́ nínú ìkúnlẹ̀,
ó ń dún bí eegun orúnkún ìyá mi lórí sìmẹ́ǹtì.
Bàbá wò mí nísàlẹ̀ níbẹ̀, ó wo káàdì,
ó ya ẹnu, ó tiraka, itọ́ ń dà:
"Kí-níìlì."
K náà jáde, gbọnmọgbọnmọ, bí ẹni kan ilẹ̀kùn.

Àṣìṣe ni. Mi ò tún un ṣe.
Mo fa ìbọ̀sẹ̀ kejì sókè.