Ihò Tí Àkísà Ò Dé

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì la máa ń fọ ìbọn nílé wa l'Ágọ̀-Ìwòyè,
bí mo bá ti ti ilé-ìwé dé, tí mo ti fi omi wẹ ẹfun lọ́wọ́,
kí iná tó dé, tàbí kó má dé.
Mo tẹ́ àpò gàrí sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìnkùlé.
Àpò náà ṣì ń rùn kíkan. Gàrí Ìjẹ̀bú kì í gbàgbé ara rẹ̀.

Kẹrosínnì wà nínú ìgò oògùn ikọ́,
àdín wà nínú agolo mílíìkì,
irin agboòrùn ìyá mi rèé, agboòrùn tó kú ṣáájú u rẹ̀,
àti síńgíléètì bàbá tí mo ti fà ya tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́.

"Kọ́kọ́ wo inú u rẹ̀!" ni bàbá wí.
Ó ń pariwo, kò mọ̀ pé òun ń pariwo.
"Má fọkàn tán an, bó ti wù kó sùn tó!"
Mo ṣẹ́ ẹlẹ́nu méjì náà níkùn,
mo gbé e sókè, mo wò ó já:
kò sí ọta níbẹ̀.
Ọ̀run kékeré méjì ló wà níbẹ̀,
àwọn méjèèjì dọ̀tí.

Mo ti àkísà wọlé. Ó gba ẹnu kejì jáde ní dúdú bí ìdí ìkòkò:
òyà tí a pa lọ́nà Mámù nìyẹn.
Mo ti òmíràn. Ó jáde ní ràkọ̀ràkọ̀:
bóyá ẹtu Ìlápòrú, èyí tó di owó ìdánwò mi.
Ẹ̀kẹta jáde ní eérú lásán.
Èyí tí bàbá ta tì nìyẹn, a kì í dárúkọ rẹ̀.

Adémùyíwá ti òkè òkun dé lóṣù tó kọjá,
ó fi àwòrán kan hàn wá nínú fóònù:
irin gbọọrọ, ó tó páǹpù kẹ̀kẹ́,
wọ́n ń fi í sí ìbọn lẹ́nu kó lè máa gbé ariwo mì.
Ó ní inú u rẹ̀ pín sí yàrá-yàrá,
ní yàrá kọ̀ọ̀kan, èéfín a máa dì,
bí wọn ò bá fọ̀ ọ́, a yó, kò ní lè gbé nǹkan mì mọ́.

Mo kọ ọ́ sórí pátákó fún bàbá, ó kà á, ó rẹ́rìn-ín.
"Ìbọn tó ń fọwọ́ bo ẹnu! Olè ni?
Ta ni yóò wá sọ fún ìyá rẹ?"
Lóòótọ́ ni. Bí ìyá mi bá gbọ́ ìró kan láti inú igbó,
a gbé omi kaná.
Bó bá gbọ́ méjì, a sọ omi náà kalẹ̀, a lọ ra pọ̀ǹmọ́.

Ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí ariwo ń lọ, bàbá.
Ogójì ọdún, àgbá lápá ọ̀tún, ẹ̀rẹ̀kẹ́ lára igi ìdí ìbọn:
ìwọ ni irin ẹnu ìbọn náà.
Ìwọ lo gbé gbogbo rẹ̀ mì, ọ̀kan ò bọ́ sílẹ̀.
Yàrá-yàrá inú etí rẹ ti yó,
irin agboòrùn ò sì dé ibẹ̀,
kẹrosínnì ò dé ibẹ̀,
síńgíléètì rẹ ò dé ibẹ̀.

Mo fi àdín pa á, ó ń dán. Bàbá fi imú rùn ún,
ó mi orí. Ó ti mọ́.
Ìgbà náà ni òjò lu páànù àwọn Ọ̀nàfúwà
bí ẹni da àgbàdo sínú báàfù.
Adìẹ sá. Èmi náà dìde.
Kò mira.
Mo kọ́kọ́ gbé ìbọn wọlé, òun náà ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀.
Nígbà tí mo padà,
ó ti gbé ojú sókè sínú òjò, ó di ọwọ́ mọ́ etí ọ̀tún,
bí ẹni tí wọ́n ń pè láti ọ̀nà jíjìn.